Iná kò rí ilé La Fontaine wó, ìkánjú ló sọ àdúgbò rẹ̀ di ahoro: ọgbọ́n ńlá rèé fún oníṣòwò kékeré

Àárín ìlú Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni ilé gogoro méjì kan wà tí wọ́n ń pè ní YUL. Àjà 38 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irú ilé táwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kọ́ńdò ni, ìyẹn ilé tó jẹ́ pé èèyàn kì í ra gbogbo rẹ̀, ibi tó bá fẹ́ máa gbé nínú ẹ̀ nìkan ló máa sanwó fún, tí yóò sì gba ìwé onílé lórí ẹ̀, nígbà tí gbogbo wọn jọ ni àtẹ̀gùn, òrùlé àti ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé. Ẹni tó bá ń wá ìparí àwọn ilé náà lókè, ọrùn á dùn ún. Ṣùgbọ́n bó bá wolẹ̀ díẹ̀, á rí ilé kékeré kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọdún 1850, tó dúró bíi bàbá arúgbó láàárín àwọn géńdé. Ilé Louis-Hippolyte La Fontaine nìyẹn.

Ilé yìí ti rí iná, ó ti rí òkò, ó sì ti gbọ́ ìró ìbọn. Kò wó. Ohun tó fẹ́ẹ̀ gbá òun àti àdúgbò rẹ̀ lọ kì í ṣe iná rárá. Ìkánjú àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ńlá ni. Wọ́n wó èyí tó wà nílẹ̀ nígbà tí èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ kò tíì ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan oníṣòwò kékeré gan-an nìyẹn, nítorí ohun tó ṣe àwọn olówó ńlá ní Montreal lè ṣe ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, tirẹ̀ á sì tún dùn ún jù ú lọ.

Òfin owó gbà-má-bínú ló dá iná sílẹ̀

Ká tó lè mọ bí ilé náà ṣe jẹ́, ó yẹ ká mọ ẹni tó ni ín. Ọdún 1807 ni wọ́n bí La Fontaine, agbẹjọ́rò ni, ọmọ Kánádà tó ń sọ èdè Faransé sì ni. Lọ́dún 1848, òun àti Robert Baldwin, tí òun ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, jọ di olórí ìjọba tó jẹ́ pé àwọn aṣòfin táráàlú dìbò yàn ló gbé e kalẹ̀. Montreal ni olú ìlú nígbà náà, ibẹ̀ ló sì ti wà láti ọdún 1844.

Lọ́dún 1837 àti 1838, ọ̀tẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lápá ibi táwọn tó ń sọ èdè Faransé ń gbé, ọ̀pọ̀ ilé àti abà ló sì jóná. Ìjọba La Fontaine ṣòfin pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fáwọn tí dúkìá wọn ṣòfò. Àwọn kan láàárín àwọn tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì fárí gá. Wọ́n ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ nìjọba fẹ́ẹ́ fowó ìlú bọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 1849, tí gómìnà àgbà, Lord Elgin, fọwọ́ sí òfin náà, ńṣe ni wọ́n sọ ẹyin lu kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dáná sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ilé tí wọ́n sì sun yìí, ilé ọjà Sainte-Anne ni tẹ́lẹ̀, àwọn aṣòfin ló wá ń lò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tó wà nínú yàrá ìkàwé wọn ló di eérú.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ya lọ sílé La Fontaine. Wọ́n fọ́ àwọn àga àti tábìlì, wọ́n ba àwọn ìwé rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì dáná sun ilé ẹṣin rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé àwọn èèyàn kan sáré wá pa iná náà ni, bóyá ni ilé náà kò bá ti parí síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún padà wá, àwọn tó wà nínú ilé yìnbọn, ẹ̀mí ẹnì kan sì bọ́ láàárín àwọn tó wá gbógun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe rí: òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tílé wọn jóná ló mú kí wọ́n dáná sun ilé ẹni tó ṣe é.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀

Àwọn wo lórí wọn gbóná tó báyìí? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan, ọ̀rọ̀ owó wà ńbẹ̀. Títí di ọdún 1846, àwọn oníṣòwò Montreal ń jẹ àǹfààní ńlá lọ́dọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lórí àlìkámà àti ìyẹ̀fun tó bá ti Kánádà wá kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà lórí tàwọn ará òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn kówó lé ilé ìlọkà àti ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún 1846 yìí làwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa òfin ọkà náà rẹ́, àǹfààní ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọjà kú, gbèsè sì mu àwọn èèyàn dọ́rùn. Nígbà tí inú bá ń bí èèyàn nítorí owó, ohun kékeré ló máa ń sọ ọ́ di ìjà.

Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́ o. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jẹ nínú ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ìjọba kó àpò àti àpótí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Toronto àti Quebec ni wọ́n ń gbé olú ìlú káàkiri láàárín wọn, kó tó di pé lọ́dún 1857, Ọbabìnrin Victoria mú Ottawa. Ìjọba kò padà sí Montreal mọ́ títí dòní. Ẹ ronú ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ń ránṣọ fún àwọn aṣòfin, ẹni tó ń tẹ̀wé, àti ẹni tó ń fi yàrá háyà fún àlejò. Oníbàárà wọn tó tóbi jù lọ ni wọ́n dáná lé lọ. Nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 1849, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ńláńlá wà lára wọn, ló ti fọwọ́ síwèé pé kí Kánádà kúkú lọ dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà. Ìyẹn náà ò ṣẹ.

Wọ́n lé ayálégbé, wọ́n wó ilé, ilẹ̀ wá ṣófo

La Fontaine kú lọ́dún 1864, àmọ́ ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú ń dàgbà, ojú pópó ń yí padà, àdúgbò Overdale tí ilé náà wà sì wá di ibi táwọn tí owó wọn kò pọ̀ ń gbé. Ilé àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, owó yàrá kò wọ́n, àárín ìlú sì ni. Ẹni tó bá mọ bí ìṣòwò ṣe ń lọ mọ̀ pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù kékeré ti ń rí jẹ, nítorí ẹni tí kò ní mọ́tò kì í lọ jìnnà ra búrẹ́dì.

Ní ọdún 1987, ètò kan jáde pé wọ́n fẹ́ẹ́ kọ́ ilé gogoro olówó ńlá sí Overdale. Ìjọba ìlú tó wà lórí oyè nígbà náà, ti Jean Doré, tí wọ́n dìbò yàn lọ́dún 1986, ló fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ wọn ni àwọn ayálégbé ti gbójú lé pé yóò gbèjà àwọn. Àwọn tó ń gbébẹ̀ yarí, wọ́n pariwo, wọ́n sì kọ̀wé. Kò dá nǹkan kan dúró. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 yẹn fi máa parí, wọ́n ti lé àwọn ayálégbé, katakata sì ti wó ilé tó kù. Ilé La Fontaine nìkan ló yọ nínú ìdin wọn.

Ilé gogoro tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Kò jáde. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990, ọrọ̀ ajé Kánádà ti dẹnu kọlẹ̀, ẹni tó fẹ́ẹ́ ra ilé olówó ńlá sì ti ṣọ̀wọ́n. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbé, tí wọ́n ti ń ra iyọ̀ àti ọṣẹ lójoojúmọ́, wá di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ohun tó lé lógún ọdún. Mọ́tò kì í ra búrẹ́dì, kì í gé irun, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé bàtà wá fún oníṣẹ́ bàtà. Ilé tí ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà kan ni sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, débi pé ní oṣù keje ọdún 2001, àwọn tó ń jà fún àwọn tí kò nílé lórí gba inú rẹ̀ lọ, wọ́n ní kò yẹ kí ilé máa ṣófo kí èèyàn máa sùn níta.

Ìgbà tó ti lé díẹ̀ lọ́dún 2010 ni ètò YUL tó wá dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé gogoro jáde lóòótọ́, wọ́n sì fi ilé La Fontaine sílẹ̀ nínú ètò náà. Èyí fi hàn pé wọn ì bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n wó kò di dandan kó lọ nígbà tó lọ. Ṣebí ilẹ̀ náà kò sá lọ síbì kankan.

Owó orí ìwé kì í ṣe owó ọwọ́

Ó yẹ ká lóye bí wọ́n ṣe ń rówó kọ́ kọ́ńdò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn náà wà. Iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọ kì í sábà fi gbogbo owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Yóò ya àwòrán, yóò kọ́ yàrá kan tàbí méjì fáwọn èèyàn láti wò, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé tí kò tíì sí. Àwọn tó bá fẹ́ á san àsansílẹ̀. Nílẹ̀ Kánádà, kí báńkì tó tú owó ńlá sílẹ̀, wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí wọ́n ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú ilé náà lórí ìwé. Bí àwọn oníbàárà bá wá, katakata á máa ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá wá, tàbí bí owó èlé bá fò sókè lójijì, gbogbo ètò á dúró gbọnrangandan.

Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fi àsansílẹ̀ oníbàárà ṣòwò. Télọ̀ ń ṣe é, àwọn tó ń ṣe àga náà ń ṣe é. Ohun tó burú ni kéèyàn wó ilé tó ń gbé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì san àsansílẹ̀ fún tuntun. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó gbójú lé òjò, tó wá da omi inú àmù rẹ̀ nù, òùngbẹ ló ń fi ara rẹ̀ ṣe.

Ilé tó jóná kì í ṣe pàǹtí

Àwọn kan á ní ilé àtijọ́ tí iná ti jó, kí wọ́n kúkú wó o kó tán. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òmùgọ̀, ó yẹ ká gbọ́ ọ. Ilé bẹ́ẹ̀ ń gba owó. Ilẹ̀ tó gbà tóbi, bẹ́ẹ̀ owó tó ń pa kéré. Iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé sì ń san owó orí ilẹ̀ lọ́dọọdún, yálà ó kọ́ ọ tàbí kò kọ́ ọ. Kò sí oníṣòwò tó ń ṣe ìyẹn títí láé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mọ̀ pé iná kì í jẹ ohun gbogbo. Òrùlé, pákó ilẹ̀, fèrèsé àti ìlẹ̀kùn ló máa ń jẹ. Ògiri olókùúta tàbí ti bíríkì tó nípọn sábà máa ń dúró. Ohun tó máa ń wó o lẹ́yìn náà ni omi. Omi táwọn panápaná fi pa iná, òjò tó ń gba òrùlé tó ti lọ wọlé, àti ní ilẹ̀ olótùútù bíi Kánádà, yìnyín. Omi á wọnú ògiri, á dì nínú rẹ̀, á wú, á sì máa fa ògiri ya díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wó. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ọlọgbọ́n máa ń ṣe ni pé kó wá nǹkan bo òrùlé náà kíákíá, kódà kó tó mọ ohun tó fẹ́ẹ́ fi ilé ọ̀hún ṣe. Owó ìbòrí kò tó ìdá kan nínú owó ògiri tuntun.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ẹ́ kọ́ ilé gogoro mọ́ ọn, ẹ̀rọ iṣẹ́ ló kù. Wọ́n á fi irin gbé ògiri náà dúró níta àti nínú kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó máa wà nísàlẹ̀. Wọ́n á máa fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ó ń mì tàbí ó ń sán. Nígbà míì, wọ́n á tú òkúta rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lára, wọ́n á sì tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń jẹ owó lóòótọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìjọba ìlú kan fi máa ń gbà kí iléeṣẹ́ kọ́lé ga sí i bó bá gbà láti tọ́jú ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ rí àjà tó pọ̀ tà, ìlú rí ìtàn rẹ̀ mú dání. Iléeṣẹ́ náà á tún jẹ èrè kan sí i: ilé gogoro tuntun jọ ara wọn káàkiri ayé, àmọ́ ilé kan ṣoṣo ni La Fontaine ní tó yè bọ́ lọ́wọ́ iná ọdún 1849. Ẹni tó ń tajà mọ ohun tí orúkọ ń ṣe.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ohunkóhun tó wó

Oníṣòwò kékeré lè ní kí ni ọ̀rọ̀ ilé gogoro alájà 38 kan òun sí. Ó kàn án dáadáa. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì, tó ní ààrò alámọ̀ tó ń fi yan án, tó wá gbọ́ pé ààrò oníná dára jù, bó bá wó ti àtijọ́ kí tuntun tó dé, tí tuntun wá há sí èbúté, ta ni yóò máa fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní búrẹ́dì? Orí ẹlòmíì ni wọ́n á yà sí, bí ẹnu wọn bá sì ti mọ́ ibẹ̀, wọn kì í tètè padà. Télọ̀ tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san àsansílẹ̀ ẹ̀rọ ńlá, tí owó tó kù kò wá jáde mọ́, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí iná bá ṣe nílé ìtajà, tó fi ìbínú ta ilẹ̀ náà lọ́pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó lè jẹ́ pé ògiri àti ojú ọ̀nà tó tà lọ ni dúkìá tó dára jù lọ tó ní.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé: owó èyí tó fẹ́ẹ́ rọ́pò eléyìí dà? Kì í ṣe ìlérí, kì í ṣe ẹni tó ní òun á yáni, owó tó ti wọlé tàbí ìwé àdéhùn tó ti ní òǹtẹ̀ ni. Èkejì: láàárín ìgbà tí èyí á lọ àti ìgbà tí tuntun á dé, níbo ni àwọn oníbàárà á ti máa bá ọjà pàdé? Bó jẹ́ kọ́ńténà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta: nínú ohun tí a fẹ́ẹ́ wó yìí, kí ló ṣì lágbára? Ká pe ẹni tó mọ iṣẹ́ wá wò ó, ká sanwó fún un, kó tó di pé ìbínú tàbí ìtìjú pàṣẹ fún katakata.

Ọ̀rọ̀ owó adójútòfò náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ iye tí wọ́n ra ilé tàbí ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ tó ti pẹ́ sínú ìwé adójútòfò, kì í ṣe iye tí wọn yóò fi tún un kọ́ lónìí. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, owó tí wọ́n á gbà kò ní í kan òrùlé. Ẹni tó ń gbé nínú ilé àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ wò, kó sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó sì yá ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé, tó rí i pé wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ káàkiri, kó lọ wo ohun tí àdéhùn rẹ̀ sọ nípa ìgbà tí wọ́n lè ní kó kó jáde, nítorí ọjọ́ tí katakata bá dé kì í ṣọjọ́ tí èèyàn ń kàwé.

Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ló ń gbé nínú ilé gogoro méjèèjì yẹn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń gé irun. Ìyẹn dára fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kí ìlú má tún ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ń tajà ní Overdale nígbà tí wọ́n lé àwọn ayálégbé kò lè dúró de oníbàárà fún ogún ọdún. Kò sí oníṣòwò kékeré tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé La Fontaine lè dúró dè é nítorí pé ògiri ni, kì í jẹun. Ẹni tó ní ẹnu tó ń bọ́, kó fi ẹ̀sọ̀ ṣe é: kí tuntun ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ti àtijọ́.